Gbogbo Wọn Ló Rí I Lójú Àlá

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà gé mi ní ìka, mi ò pariwo. Mo dúró, mo ń wo ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń kán sórí bébà funfun, mo sì ń rò ó pé a ó ní láti gé bébà míì. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ là ń ṣe, ní òpópónà kan lẹ́yìn ọjà Dùgbẹ̀, ní àwọn ọdún tí wọ́n ń kọ́ ilé gogoro tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, tí gbogbo wa máa ń jáde síta lọ́sàn-án láti lọ wò ó bóyá ó ti ga ju ti àná lọ. Èmi kọ́ ni mo ń gé bébà. Èmi ni mo máa ń ka ohun tí a bá tẹ̀ kó tó jáde, kí n lè rí àṣìṣe inú rẹ̀. Ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ. Ọ̀gá wa, tí í ṣe díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló bá mi kígbe.

Wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tó ń rán ìka náà wò mí lójú, ó ní, "Ṣé kò dùn yín ni?" Mo ní ó ṣeé ṣe kó máa dùn mí. Ó dáwọ́ dúró. Ó bi mí bóyá ẹnì kan kú nílé wa. Mo ní ìyàwó mi ni, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí ọdún méjì. Bí ẹni tí wọ́n bi ní ojúlé tó ń gbé ni mo ṣe dáhùn. Ó ní òun mọ dókítà kan tí kì í fúnni lóògùn, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló fi ń tọ́jú èèyàn. Yorùbá bíi tiwa ni, ìlú òyìnbó ló ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n tètè lọ o, kí n má baà fi gbogbo ìka mi gé bébà tán. Mo lọ. Láyé ìgbà yẹn, ibi tí wọ́n bá ní kí n lọ ni mo ń lọ.

Ibà ló pa ìyàwó mi, ibà lásán tí a rò pé á lọ tó bá ti làágùn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá ìyàwó mi pọn ọmọ náà lọ sí Mọ́níyà, níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí tà. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀ ná, pé ọkùnrin ò lè dá tọ́ ọmọ tó kéré báyìí. Òótọ́ ni. Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tí mo lọ bèèrè ọmọ mi, wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀ ò tíì bá mi sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó bá wá bá mi lójú àlá, tó ní kí n gbé e fún ẹ, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ní mọ́ bá a níbí. Tó bá sì jẹ́ ìwọ ló bá sọ ọ́, wá wí fún mi. Mo mọ̀ pé o ò ní purọ́ mọ́ òkú." Mo dúpẹ́. Wọ́n di gàrí fún mi, mo sì gbé gàrí wálé.

Kò jọ mí lójú pé wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ìyá ọmọ tó kú lọ́jọ́ àìpẹ́, tó fi ọmọ sílẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa ń retí rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ á wà lára ọmọ. Kò ní ṣàì wá sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n fi í sí. Mo fẹ́ gba ọmọ mi padà. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó yẹ kí ebi ti máa pa òun nítorí pé ọ̀sán ti pọ́n.

Ìyàwó mi ò sì jókòó o. Ó ń káàkiri. Ìyá onílé mi ní Bódìjà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ń gbé bọ́ìsì-kọ́tà ẹ̀yìn ilé wọn, rí i nínú aṣọ funfun. Ó ní kí n máa pa iná tí mo bá ń jáde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Challenge rí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n tètè fẹ́ ìyàwó míì. Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa, tí kò bá a sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ kú ọ̀sán" nígbà ayé rẹ̀, rí i tó ń ra iṣu. Tí mo bá rò ó dáadáa, kò sí ìkankan nínú iṣẹ́ tó rán wọn tí kì í ṣe ohun tí kálukú ti ń fẹ́ bá mi sọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là ń fi í jẹ́. Wọ́n á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní, "Mo níṣẹ́ tí wọ́n rán mi sí ọ." Èmi á dúpẹ́. Gbogbo ilé ló ń yà, àfi tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú ìró rẹ̀ kan kí n fi ṣe ìrọ̀rí, pé kò ní pẹ́ tí mà á fi rí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Òórùn káńfọ̀ ló ń run, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kan náà ló kó àwọn aṣọ rẹ̀ sínú àpótí lẹ́yìn ìsìnkú. Mo sùn bí igi, mo jí, mo fọ ẹnu, mo lọ síbi iṣẹ́.

Yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé dókítà tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú èèyàn náà, ní Ring Road, ló ti ń rí àwọn èèyàn. Ó ṣeé ṣe kó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Mo kí i lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀: ẹ kú ilé, sà, ẹ kú iṣẹ́, ará ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Ó ní, "Ẹ wọlé." Ó parí síbẹ̀. Ká ní ara mi pé lọ́jọ́ náà ni, mi ò ní tún ẹsẹ̀ mi gbé débẹ̀ mọ́. Àga gbọọrọ kan wà níbẹ̀, ó ní tí mo bá fẹ́, mo lè na ẹ̀yìn lé e. Mo wo àga, mo wo òun. Kí n na gbalaja níwájú ẹni tó jù mí lọ, kí n máa wo àjà, kí òun jókòó síbi orí mi? Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, òkú là ń ṣe bẹ́ẹ̀ jókòó tì. Mo jókòó sórí àga lásán. Kò bá mi jà sí i.

Ó ní kí n máa sọ ohunkóhun tó bá wá sí mi lọ́kàn. Kò sí ohun tó wá. A jókòó. Bí ó ṣe rí nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Rédíò tí wọ́n fi wáyà fà wọ ilé wa nígbà náà, asọ̀rọ̀mágbèsì là ń pè é. Dókítà yìí ni mo sọ ní agbọ́rọ̀máfèsì nínú ara mi. Mo máa ń sọ fún un pé mo jẹun, mo sùn, òjò rọ̀. Ó máa ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan pàtàkì. Lọ́jọ́ kan ó wá bi mí bóyá mo máa ń lá àlá.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mọ́ mi, nítorí mo ti rí ohun tí mo lè fún un. Mo ro gbogbo wọn fún un lẹ́sẹẹsẹ: ti aṣọ funfun, ti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ti oníṣu. Ó gbọ́ wọn tán.

"Àlá ìyá onílé yín àtàwọn ẹlòmíì nìyẹn," ó ní. "Tiyín ni mo bèèrè."

"Tèmi náà nìyẹn, sà."

"Àwọn ni wọ́n lá a."

"Àwọn ni wọ́n lá a, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n rán an sí. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ rán ọmọ sí yín, sà, ṣé ọmọ náà ló ni oúnjẹ?"

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, mo rí i, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ náà dé ọ̀dọ̀ yín, kí lẹ ṣe?"

"Mo dúpẹ́."

"Ṣé ẹ jẹ ẹ́?"

Mo wo aago rẹ̀ lára ògiri títí àkókò fi pé.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lé àwọn àlá àwọn ará ilé àti ará ọ̀nà jáde mọ́. Tí mo bá gbé tuntun dé, kì í béèrè ohun tí aṣọ funfun túmọ̀ sí, bí àwọn wòlíì ti máa ń ṣe. Ohun tó ń fẹ́ mọ̀ ni ibi tí mo dúró sí nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe, ohun tí mo ṣe nígbà tí wọ́n lọ. Èsì mi kì í yàtọ̀. Mo dúpẹ́. Mo lọ fọ abọ́. "Ṣé inú ò bí yín?" ni ó bi mí nígbà kan. Mo ní, "Sí ta?" Ó ní òun kò mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi ń béèrè.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún un. Mo ní àlá kan ṣoṣo ni mo nílò, pé tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó wá, kó jọ̀ọ́, kó ṣe é. Ó ní òun kì í pe àlá. Ó wá bi mí ìdí tí mi ò fi kàn parọ́ fún ìyá ìyàwó mi, kí n gba ọmọ mi. Ó bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò dà bí ẹni tó ń dán mi wò. Mo ní iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa wá àṣìṣe rí. Mi ò lè fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí mo ní, "Mo sì fẹ́ kó wá lóòótọ́." Ohùn mi ló sọ ọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n lára.

Mo ra ọsàn fún un ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí ojú ń tì mí láti máa lọ sílé èèyàn lọ́wọ́ òfo. Ó ní òun kò lè gbà á. Mo gbé ọsàn mi wálé, ìyá onílé ló jẹ ẹ́, wọ́n sì ní ó dùn. Síbẹ̀, mo ń lọ. Mo ń lọ nínú òjò. Mo ń lọ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń jó ilé àwọn olóṣèlú, tí ọ̀gá wa ní kí gbogbo wa máa lọ sílé tààrà. Mo bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí, ó sì jókòó síbi tó máa ń jókòó. Nígbà tí mo kí i lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ẹ kú ewu." Kò béèrè ará ilé, ṣùgbọ́n ẹ kú ewu yẹn, mo gbà á.

Ní Sátidé tó bá ṣáájú oṣù tuntun, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mọ́níyà. Ọmọ mi á kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe ń kúnlẹ̀ kí àlejò. "Bàbá Bódìjà, ẹ káàbọ̀." Ìyá rẹ̀ àgbà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé láti máa fi àdúgbò pe ẹbí tó jìnnà. Á gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, á dúpẹ́, á sì sá padà lọ síbi eré. Ó ti ga. Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ará Mọ́níyà. Mo máa ń jókòó wò ó láti ìdí ògiri. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó máa dùn mí. Ìyá ìyàwó mi á bi mí, "Kò tíì wá?" Mà á ní, "Kò tíì wá." Wọ́n á ní, "Lọ́dọ̀ tèmi náà, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ọmọ." Wọ́n á di gàrí fún mi.

Nígbà ọyẹ́, dókítà gbà mí wọlé lọ́jọ́ kan, kò sì jókòó. Ó dúró ti fèrèsé. Ó ní, "Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, a kì í sọ ọ́ fún ẹni tó wá sọ́dọ̀ ẹni. Wọ́n á ní mo ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń gbé e kiri. Ìyá tó bí mi kò ní dárí jì mí tí mo bá lá àlá ẹlòmíì, tí mo wá jókòó lé e." Ó wo ilẹ̀. "Mo rí ìyàwó yín."

"Kí ló ní kí ẹ sọ fún mi?" mo ní. Mo ti ń múra láti dúpẹ́.

"Kò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀kùn yìí ló gbà wọlé. Ó jókòó sórí àga tí ẹ jókòó sí yẹn. Obìnrin gíga, tó pupa, tó wé gèlè dáadáa. Mo bi í pé ta ló ń wá. Ó kàn ń wò mí."

Mo ti dìde kí n tó mọ̀. "Kì í ṣe òun," mo ní.

"Ó lè jẹ́ pé..."

"Mo ní kì í ṣe òun! Ìyàwó mi kì í ṣe obìnrin gíga. Èjìká mi níbí ló mọ. Ó dúdú. Kò mọ gèlè wé. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń bá a wé e, kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì á ti tú. Kí ó jókòó kó má sọ̀rọ̀? Ìyàwó mi? Tó bá ń gbàdúrà, á dá àdúrà dúró, á bi mí bóyá mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Orí ìdúró ló ti máa ń jẹun nínú ìkòkò. Tí mo bá ní kó jókòó jẹ ẹ́, á ní òun ò tíì jẹun, òun kàn ń tọ́ ọ wò ni, oúnjẹ inú ìkòkò á sì ti dín kù sí ìdajì. Ẹ ò mọ̀ ọ́n! Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú gbogbo yín. Aṣọ funfun! Kò ní aṣọ funfun kankan!"

Ariwo ni mo ń pa nínú ilé onílé. Dókítà ti jókòó wàyí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi. Ó ní, "Ta lẹ ń bínú sí?"

"Òun ni!" mo ní. "Òun ni mò ń bínú sí. Ilé ta ni kò lọ tán? Kí ni mo fi ṣe é tí kò lè yà sílé ara rẹ̀?"

Kò ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ sí òkú. Kò ní kí n fara balẹ̀. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ láàrin wa bí mo ṣe sọ ọ́. Inú ń bí mi, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Àyà mi gbóná, ìka mi tí wọ́n rán ń ta mí. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sìn mí dé ìta, ohun tí kò ṣe rí.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹlòmíì ni mo rí."

Mo ní, "Ẹlòmíì ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́."

Ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Mi ò dúró de òpin oṣù. Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ni mo wọ bọ́ọ̀sì Mọ́níyà, mi ò sì ra búrẹ́dì. Ìyá ìyàwó mi wà nídìí agbada, wọ́n ń fi àfọ́kù igbá ro gàrí, èéfín bo gbogbo abà náà. Ọmọ ò sí nítòsí. Mo ń gbọ́ ohùn òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá, mo wá gba ọmọ mi."

Wọn ò gbójú sókè. "Ó ti wá bá ẹ?"

"Kò wá bá mi. Kò wá bá mi rí. Gbogbo ayé ní àwọn ń rí i. Èmi ò rí i, inú sì ń bí mi sí i. Mi ò mọ̀ bóyá á wá. Ṣùgbọ́n mo wá gba ọmọ mi, mi ò lè dúró dè é mọ́."

Igbá dúró lọ́wọ́ wọn. Ìyá yìí, n kò rí i rí kí wọ́n jẹ́ kí gàrí jóná. Mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bó ṣe ń jó, wọn ò sì ro ó.

"Ìwọ náà?" wọ́n ní.

Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Wọ́n gbé igbá sílẹ̀.

"Èmi náà ò rí i," wọ́n ní. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò rí i. Wọ́n ń wá láti Baṣọ̀run, wọ́n ń wá láti inú ìlú, wọ́n ní àwọn rí i, ó ní kí wọ́n kí mi. Mà á di gàrí fún wọn. Èmi tí mo bí i! Mo wá ní, kò burú, ọmọ rẹ̀ ni mà á dì mú. Mo mọ ẹni tí mo bí, kò lè gbà á. Á bínú. Á wá bá mi, á ní, Ìyá, kí ni mo fi ṣe yín tí ẹ ò jẹ́ kí ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀? Kó ṣáà ti wá ni. Kó wá bú mi." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, eérú sì lẹ̀ mọ́ ọn. "Ọmọ kú sàn ju ọmọ nù. Tèmi kú, mo fọwọ́ ara mi sọ ọ́ di ẹni tó nù, mo wá ń wo ojú ọ̀nà."

Wọ́n fa igi kúrò nínú iná, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀.

"Máa gbé ọmọ rẹ lọ," wọ́n ní. "Kò ní wá."

Láti ọjọ́ tó ti kú, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ó ti lọ sinmi, wọ́n ní ó ń ṣọ́ wa, wọ́n ní ó ń ráńṣẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí agbada náà, mo sì sunkún. Ó dùn mí. Ó dùn mí dé egungun, mi ò sì lè dá a dúró. Ìyá ò ní kí n dákẹ́.

Ọmọ mi gbọ́ ohùn mi, ó sáré wọlé. Ó dúró, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ló na Bàbá Bódìjà?"

"Èmi ni mo nà án," ìyá ìyàwó mi ní. "Lọ bu omi wá fún un."

Ó lọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife wá, ìdajì ti dà sí i lára. Ó dúró síwájú mi títí mo fi mu ún tán. Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu sí mi létí, ó ní kí n má sunkún mọ́ o, pé tí èèyàn bá ń sunkún, wọ́n máa ń tún un nà. Ó yíjú wo ìyá rẹ̀ àgbà bóyá wọ́n gbọ́. Ó rí i pé àwọn náà ń sunkún. Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó sì lọ bu omíràn wá.